Ọkùnrin Tí Ó Bá Mi Wọ Inú Ihò Òkun

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Dagenham níbí. Orí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi ni eékún mi wà gan-an bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé orí ìwé nìkan ni mo ti ń kúnlẹ̀. Mo kí Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, tí mo mọ̀ pé àwọn ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kí wọ́n jọ̀ọ́ má fo ibì kankan, kí wọ́n má sì fi tiwọn kún un. Mo kí Bùọ̀dá Wálé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àtàwọn ará ilé wọn. Mo kí gbogbo agboolé wa ní Òkè-Ṣópìn, àgbà àti ọmọdé. Ṣé ojú tí wọ́n ṣe fún yín ti ń ríran dáadáa? Ṣé ẹ ṣì ń kán oògùn rẹ̀ sí i bí dókítà ṣe sọ?

Màámi, ó ti ń lọ bí oṣù kan báyìí tí ẹ kò gbé fóònù mi. Bí mo bá pè, Àǹtí Bísí ló ń gbé e. Wọ́n á ní ẹ ń sùn, tàbí ẹ lọ sí ìsìn, tàbí ẹ wà nínú balùwẹ̀. Màámi, èèyàn kì í wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Àwòrán kan ni. Títí ọmọ mi ló yà á, inú dídùn ló sì mú un fi í sórí Wásáàpù ẹbí. Láti ibẹ̀ ni ẹnì kan ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìjọ wa, ẹlòmíràn gbé e dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wá bá yín nílé pẹ̀lú àlàyé tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe sí i. Wọ́n ní ọmọ yín, opó, ẹni tó ń wọ aṣọ funfun ní ilé àdúrà, ló wọ aṣọ dúdú tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí òun àti ọkùnrin kan jọ ń jáde bọ̀ láti inú ihò òkùnkùn létí òkun.

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó pọ̀ ni kò dára. Àwòrán náà ti rìn ní gbangba, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn àwọn Yorùbá ibí bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí àlàyé náà lè rìn ní gbangba. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kó rí ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilé ìdáná ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì ń bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ náà ń tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ mí, wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá kí mi dáadáa, ọ̀dùnkún wọn á lé díẹ̀ sí i. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, owó ilé sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sùn lébi rí, mo dúpẹ́. Ohun tí mi ò sọ fún yín rí lórí fóònù ni bí ilé mi ṣe dákẹ́ lẹ́yìn tí Bàbá Títí kú. Títí kó lọ sí Marks Gate pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó ríṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ tó dàgbà gbọ́dọ̀ kó jáde. Ó ku èmi nìkan ní Eastbrook, àdúgbò wa ní Dagenham níbí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tan rédíò sílẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kí n lè bá ohùn èèyàn nílé bí mo bá dé. Ní ìgbà òtútù, tí ilẹ̀ ń ṣú kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó parí ẹ̀kọ́, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó ṣí i, kí n kọ́kọ́ gbọ́ rédíò yẹn. Ẹ má sunkún o. Ó ti kọjá.

Dókítà ló sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n wá nǹkan kan ṣe tí ara mi á máa lò. Títí bá mi wá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń tukọ̀ lórí adágún ní ọjọ́ Sátidé, ní ìtòsí ilé mi. Mo rò pé ọmọ náà ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Àwa tí wọ́n bí sínú igbó, omi wo la mọ̀ kọjá odò tí a ti ń fọ aṣọ? Ṣùgbọ́n mo lọ. Wọ́n fún mi ní àjẹ̀, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ tóóró kan tí wọ́n ń pè ní káyàkì, èyí tí èèyàn ń jókòó sí tí ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi àjẹ̀ fa omi tí ọkọ̀ náà gbéra lábẹ́ mi, tí kò pariwo, tí kò ta, Màámi, mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, mi ò pa Sátidé kan jẹ àfi tí ara mi kò bá yá.

Ẹ̀yìn èyí ni mo pàdé Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé.

Ọkọ̀ ojú irin ló kọṣẹ́ ní Dagenham East lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. A dúró lórí pèpéle ibẹ̀ nínú òjò wínníwínní. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó kún fún gíríìsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Èkìtì tó ń sọ wá wúwo débi pé mo rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú Èkìtì bẹ́ẹ̀, pé ó rán mi létí ọ̀gá kan tó kọ́ wa ní ìṣirò. Ó ní ṣé ọ̀gá náà máa ń nà wá. Mo ní gan-an. Ó ní a jẹ́ pé ọmọ ìlú òun ni. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni. Bọ́ọ̀sì ló ń tún ṣe ní gáréèjì. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, ó ti ní ọkọ mìíràn ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n jọ bí sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds. Gbogbo èyí ló sọ fún mi ní ọjọ́ kejì tí a jọ mu tíì, láìjẹ́ pé mo bi í. Ó ní òun kò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìjọ mìíràn ni ó ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà àti kóòtù, ó sì máa ń bi mí pé ṣé ilẹ̀ kì í tutù fún wa ní ilé àdúrà nígbà òtútù tí a bá bọ́ bàtà. Mo máa ń dá a lóhùn pé iná àdúrà wà níbẹ̀. Kò fi ìjọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Èmi náà kò fi tirẹ̀ ṣe é.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ọkùnrin yìí bẹ̀rù omi. Ìlú orí òkè ni ìlú wọn, kò lúwẹ̀ẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró sí etí afárá. Síbẹ̀, bí mo bá lọ tukọ̀ ní Sátidé, á tẹ̀ lé mi. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí adágún, á gbé báàgì mi lé orí itan, á di fíláàsì tíì mú. Bí mo bá ti yí ọkọ̀ padà, ojú rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ rí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, ó ṣe é nínú òjò. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé kò sú u ni. Ó ní bí òun bá jókòó sílé, ọkàn òun á máa wo omi náà ṣáá, ó kúkú sàn kí ojú òun máa wò ó.

Nígbà tó di àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹgbẹ́ wa ní a máa lọ sí Dorset. Ibẹ̀ jìnnà sí wa, ìhà gúúsù ni, ibi tí ilẹ̀ yìí ti parí tí òkun ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn àpáta funfun wà létí òkun ibẹ̀, pé ìgbì ti gbẹ́ ihò sí wọn lára láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti pé bí òkun bá rọ̀ dáadáa, èèyàn lè tukọ̀ wọ inú wọn. Mo fẹ́ lọ débi pé mo ń lá àlá rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì la máa lò, ìyá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pat ni a sì jọ máa wà nínú ọ̀kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ku oṣù kan kí a lọ ni Pat ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Sárà, ọ̀dọ́bìnrin gíga tó ń darí wa, sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò sí ẹni tó kù tí mo lè bá jókòó, pé màá dúró de ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kò burú. Mo rìn padà síbi bẹ́ǹṣì, mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, mo ń díbọ́n pé kò dùn mí.

Ó gbé báàgì mi kalẹ̀, ó lọ bá Sárà, ó ní kí wọ́n fún òun ní àjẹ̀.

Màámi, mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní òkun kì í ṣe adágún. Gbogbo Sátidé tó kù ló fi kọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ ṣubú sómi níbi tí omi kò dé ìbàdí rẹ̀, ó sì pariwo Jésù tó jẹ́ pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ adágún náà fò lọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó tún gun ọkọ̀ padà. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó gùn ún. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń jáde bí ọkọ̀ bá dojú dé, bí a ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé tó kẹ́yìn, Sárà ní ó yege.

Ọjọ́ náà wá dé. Inú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni, tí ilé ìwé wà ní ìsinmi. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni bọ́ọ̀sì gbé wa ní Dagenham. Títí náà tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ti din òjòjò láti ilé, iṣu ewùrà tí mo rà ní Heathway ni mo fi ṣe é, òórùn rẹ̀ sì kún inú bọ́ọ̀sì débi pé àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Mo ní ó di ẹ̀yìn òkun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń dun àwọn èèyàn. Omi òkun ibí tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an. Aṣọ rọ́bà ni gbogbo wa ń wọ̀, ọmọdé àti àgbà, ọkùnrin àti obìnrin, nítorí òtútù ni, kì í ṣe nítorí fáàrí. Kò sí ẹni tó lè ṣe fáàrí nínú rẹ̀. Títí àti obìnrin méjì mìíràn ló bá mi fà á gòkè bí ẹni tó ń ki iṣu sínú ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo fi aṣọ ìnura bo ara mi níwájú. Títí ní mo peng, èdè àwọn ọmọ ibí ni, ó túmọ̀ sí pé mo rẹwà. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé wo ilẹ̀. Ó ní akoto orí mi kò dè dáadáa, ó bá mi dè é, ó sì tún wo ilẹ̀.

Òkun ọjọ́ náà, Màámi! Mo ti rí òkun ní Èkó, mo mọ bó ṣe ń bú. Ti ọjọ́ yìí kò bú. Ó tẹ́ lọ gbọọrọ, ó ń dán bí òróró inú agbada tí kò tíì gbóná. Kò sí atẹ́gùn rárá. Bí a ṣe ti ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, mo ń wo ìsàlẹ̀ omi, mo ń rí òkúta, mo ń rí ewé òkun tó ń mì, mo ń rí òjìji ọkọ̀ wa lórí iyanrìn nísàlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé jókòó níwájú, èmi tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ wà lẹ́yìn láti máa darí. A ń ka ọ̀kan, èjì, kí àjẹ̀ wa lè máa bọ́ sómi pa pọ̀. Ní ìhà ọ̀tún wa ni àpáta náà wà, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, ó funfun bí ẹfun tí ẹ máa ń kó sínú agolo nígbà tí a wà ní kékeré. Àwọn ẹyẹ òkun jókòó sí gbogbo ìpele rẹ̀ wọ́n ń wò wá. Oòrùn ń lù ú, ó ń tàn sí wa lójú. Mo ń kọrin. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ihò àkọ́kọ́ kò le. Ó dà bí afárá, a gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sí òdì kejì, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ìkejì ló jẹ́ ihò gidi. Ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà ilé wa lọ. Sárà kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ lọ wò ó, ó padà, ó ní kí ọkọ̀ máa wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òun wà lẹ́nu ihò máa wò wá. Nígbà tó kàn wá, mo bi ẹni iwájú mi bóyá ó fẹ́ dúró síta. Ó mi orí. A wọlé.

Màámi, inú ibẹ̀ fẹ̀ bí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣókùnkùn ní òkè, ṣùgbọ́n oòrùn ń gba abẹ́ omi wọlé láti ẹnu ihò, omi náà wá ní ìmọ́lẹ̀ nínú ara rẹ̀, ó mọ́ bí ìgò aláwọ̀ ewé. Ìmọ́lẹ̀ omi náà ń ṣeré lára òrùlé àpáta. Omi ń kán tó, tó, níbì kan tí a kò rí. Òórùn iyọ̀ àti ti ẹja ló wà níbẹ̀. Bí òkun ṣe dákẹ́ tó nì, ó ṣì ń mí nínú ihò náà: á gbé wa sókè díẹ̀, á tún rọra gbé wa kalẹ̀. Mo gbé àjẹ̀ mi lé itan. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tó ti ń dẹ́rù bà mí nílé, èyí kò jọ ọ́. Mo rò pé mo lè wà níbẹ̀ kí n máà tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́.

Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀yìn Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti ju àjẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sórí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Mi ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò lè dìde. Ẹni tó bá dìde nínú káyàkì, inú omi ló ń lọ. Mi ò fẹ́ pariwo pe Sárà kí ojú má bàa tì í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo ní mo fi ata púpọ̀ sí òjòjò yẹn, pé mi ò mọ̀ bóyá àwọn òyìnbó á lè jẹ ẹ́. Mo ní Títí ní òun fẹ́ ra mọ́tò, kó bá wa wò ó kó tó sanwó kí wọ́n má bàa ta àlòkù burúkú fún un. Mo ń sọ ọ́ ṣáá, ohùn mi ń yí ká inú àpáta náà ó ń padà bọ̀ wá bá wa. Díẹ̀díẹ̀, èjìká rẹ̀ dúró. Ó tú ọwọ́ kan sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ láìyíjú, nítorí kò tó ẹni tó ń yíjú nínú ọkọ̀:

"Ìyá Títí, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá máa bà mí títí tí màá fi kú, ẹ̀gbẹ́ yín ni mo fẹ́ kó ti máa bà mí."

Mo gbọ́ ọ. Mo sì mọ ohun tó ń béèrè. Ọkọ̀ náà gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sárà fọn fèrè rẹ̀ láti ẹnu ihò, ó ń béèrè bóyá àlàáfíà ni. Mo gbé àjẹ̀ mi sókè kó rí i pé àlàáfíà ni. Mo wá sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé pé:

"Ẹ mú àjẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká jáde síta, mi ò fẹ́ dá yín lóhùn nínú òkùnkùn."

Ọkùnrin náà tukọ̀! Kò ka ọ̀kan, kò ka èjì. Mo ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn ni, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń ta sí mi lójú, akoto rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a ṣe yọ sí ìmọ́lẹ̀ ni Títí, tó wà nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbé fóònù rẹ̀ sókè tó ya àwòrán. Òun ni ẹ rí. Ẹnu tí àwa méjèèjì là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ni. Omi tó wà lójú mi níbẹ̀, kì í ṣe ti òkun nìkan.

A gúnlẹ̀ sí etí iyanrìn kékeré kan tí ẹsẹ̀ kò lè gbà dé, àfi ọkọ̀. Òjòjò tán kí n tó rí ju ọ̀kan jẹ. Àwọn òyìnbó ń jẹ ata, imú wọn ń ṣomi, wọn kò fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mú Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sọ fún un pé èmi fẹ́ ẹ, pé mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mo ní mo ní ìyá láyé, ìyá mi kò sì kéré sí mi nítorí pé mo ti ju ọmọ àádọ́ta ọdún lọ. Ẹnu rẹ̀ ni a máa gbọ́ ìyókù. Ó ní òun ì bá máa wò mí tìyanu-tìyanu ká ní mo sọ ohun mìíràn.

Bùọ̀dá Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n Bàbá Títí, ti pè mí láti Ṣàgámù. Àwọn náà rí àwòrán. Inú wọn kò dùn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo ti gbàgbé àbúrò wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká ní àbúrò àwọn rí mi nínú aṣọ rọ́bà yẹn, ẹ̀rín ni ì bá pa á. Òótọ́ ni. Wọ́n ní kí n máa lọ ní àlàáfíà, kí Títí ṣáà máa jẹ́ ọmọ àwọn. Mo ní kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ó wá ku ẹ̀yin, Màámi. Mo ti ro ìdákẹ́ yín títí, mi ò sì gbà pé aṣọ rọ́bà ló fà á. Ẹ kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún nígbà tí Bàámi kú. Mo rántí àwọn tó wá. Mo rántí tíṣà kan tó máa ń mú ìwé ìròyìn wá fún yín lọ́jọ́ Ẹtì, tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ẹ kì í pè wọlé. Ẹ ní ọmọ mẹ́ta ti tó iṣẹ́ fún yín. Tíṣà náà wá títí, kò wá mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò bi yín rí, ọmọdé ni mí, ohun tí mo fẹ́ ni kó máa lọ kí ẹ lè bá mi dirun.

Màámi, ẹ má gbà á pé ohun tí mo fẹ́ ṣe ń bá ohun tí ẹ ṣe jà. Orí ohun tí ẹ ṣe ni mo dúró sí. Ẹ gbé ara yín sílẹ̀ kí àwa lè gòkè, a sì gòkè. Ọmọ tèmi ti dàgbà, kò sí ẹni tí mò ń dirun fún mọ́. Bí ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ, màá gbọ́, yóò sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́nu yín. Ẹ má fi ìdákẹ́ sọ ọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ fún mi nípa tíṣà náà, mo ti dàgbà tó láti gbọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé kò dúró kí n kọ ìwé tán. Ó ti gba ìsinmi nínú oṣù Kejìlá. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n máa wá bá yín ní Òkè-Ṣópìn, wọ́n á kọ́kọ́ lọ rí Bùọ̀dá Wálé bó ṣe tọ́. Èmi kò ní sí níbẹ̀ nígbà náà, ilé ìwé kò tíì parí, ó sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ ẹ, kí ẹ lè sọ ohun tó wà nínú yín láìwo ojú mi. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ní Ìjẹ̀bú. Kò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín títí tó fi máa parí.

Ọlọ́run tó mú òkun rọ̀ lọ́jọ́ náà yóò mú gbogbo ọ̀nà rọ̀ fún yín. Ojú yín kò ní fọ́ mọ́, ẹ ó fi rí ọmọ Títí. Ilé kò ní dà rú lẹ́yìn wa. Títí kúnlẹ̀, ó ní òun ló jẹ̀bi àwòrán, òun ló sì yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi kí Àǹtí Bísí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kí Bùọ̀dá Wálé, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò béèrè tó ń gbé àwòrán kiri. Mi ò bínú sí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú yín, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò dára, abẹ́ bọ́ọ̀sì ló ti bà á jẹ́, kò sì ní sọ fún yín.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́,
ọmọ yín,
Mojísọ́lá